Ẹnìkejì Rẹ Ńkọ́?

Ẹlẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ padà sílé. Ohun tó kọ́kọ́ ba Dákẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́rù nìyẹn, nítorí láti jẹ́lé-ó-sinmi ni àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ti ń ṣọ̀rẹ́, kò sì sí àárọ̀ tí ọmọ yìí kì í fi ẹ̀rín jí. Ó dúró lẹ́bàá fèrèsé yàrá tí wọ́n wọ̀ sí ní ilé àlejò, ó ti wọ aṣọ méjì lé ara wọn, ó ń de bọ́tìnì aṣọ kẹta. Níta, òjò ṣú, kò rọ̀. Ojú pópó mọ́ tónítóní bí ibi tí èèyàn kò gbé rí.

"Ṣé òtútù ń mú ọ ni?" Dákẹ́ẹ́jẹ́ bi í.

"Àpótí mi ló kún." Kò wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Bí Ìyá Ó-wà bá ń pè wá nínú bọ́ọ̀sì, bá mi dáhùn."

Ìyá Ó-wà ni orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ olùkọ́ tó kó wọn wá sí ìlú òkèèrè yìí. Obìnrin náà kì í ka orí èèyàn. Kí wọ́n tó kúrò nílé ló ti pín wọn ní méjì-méjì, bó bá sì pe ẹnì kan, kì í béèrè ẹni náà fúnra rẹ̀. "Ẹnìkejì rẹ ńkọ́?" ni yóò wí. Ẹni tó pè yóò wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò ní, "Ó wà, mà." Ní gbogbo ìrìn àjò náà, ẹnikẹ́ni kò sọnù.

"Níbo lo ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ àǹtí aránṣọ. Wọ́n fẹ́ fi nǹkan rán mi sí màámi. Wọ́n ní àwọn á fi ọkọ̀ gbé mi bá yín ní pápákọ̀ òfuurufú."

Dákẹ́ẹ́jẹ́ rántí obìnrin náà. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, bí àwọn méjèèjì ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ lójú pópó ló gbọ́ èdè wọn, tó jáde láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wọlé, ẹ wá jókòó." Nígbà tó gbọ́ pé aránṣọ ni ìyá Ẹlẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó ń yí i wò. "Ọwọ́ báyìí? Iṣẹ́ wà fún un níbí. Ìyá ẹ ò gbọdọ̀ jìyà mọ́." Ọ̀rọ̀ náà wọ Ẹlẹ́rìn-ín lára gan-an, torí maṣíìnì méjì ni ìyá rẹ̀ ní tẹ́lẹ̀, ó sì ti ta ọ̀kan kí ọmọ rẹ̀ lè bá ẹgbẹ́ lọ.

"Aṣọ mẹ́ta lèèyàn ń wọ̀ lọ gba ẹrù?"

"Ìbéèrè ẹ ti pọ̀ jù fún ẹni tí wọ́n ń pè ní Dákẹ́ẹ́jẹ́." Ẹlẹ́rìn-ín gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. "Jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Àbí ọ̀rẹ́ kọ́ ni wá ni?"

Dákẹ́ẹ́jẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe ẹrù ló ń lọ gbà, iṣẹ́ ni. Bó bá ní òun kò mọ̀, irọ́ ló pa. Ṣùgbọ́n ó rọrùn fún un láti ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, kí ó má baà di ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan. Ó gbé àpótí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ tirẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ló lọ. Ó to àpò sórí àga kejì, ó fi aṣọ ìbora bò wọ́n.

"Dákẹ́ẹ́jẹ́, ẹnìkejì rẹ ńkọ́?"

"Ó wà, mà. Ó ń sùn ni."

"Ẹlẹ́rìn-ín sùn?" Aláwàdà, ọmọkùnrin tí kì í pa ẹnu dé, yíjú padà láti iwájú. "Ẹ wò ó dáadáa bóyá ó ṣì ń mí o."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀sì gbéra.

Wọ́n ti fi àárín ìlú sílẹ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ gbọ̀n. Ẹlẹ́rìn-ín ló kọ̀wé: "Wọ́n ti gba pásípọ́ọ̀tù mi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ bá mi tọ́jú ẹ̀. Wọ́n tilẹ̀kùn." Dákẹ́ẹ́jẹ́ pè é. Fóònù ti kú.

Ìgbà yẹn gan-an ni ṣọ́ọ̀bù náà padà wá sí i lójú. Àwọn maṣíìnì tó wà níbẹ̀ kò ní òwú lójú abẹ́rẹ́. Eruku ti bo wọ́n. Nílé ìyá Ẹlẹ́rìn-ín, ìrépé aṣọ máa ń pọ̀ nílẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ èèyàn á kó wọn dé yàrá kejì. Ilẹ̀ obìnrin yẹn mọ́ bí àwo tí wọn kò tíì bu oúnjẹ sí. Àwọn méjèèjì tí wọ́n dàgbà sábẹ́ tábìlì aránṣọ jókòó síbẹ̀, wọn kò rí i.

Bó bá sọ̀rọ̀, ọkọ̀ òfuurufú á lọ, gbogbo ẹgbẹ́ á sì mọ̀ ọ́n ní òpùrọ́. Ó dìde.

"Mà, kò sí níbí. Mo parọ́."

Ìyá Ó-wà kò pariwo. Ó rìn wá sẹ́yìn, ó ká aṣọ ìbora náà, ó gbé ọwọ́ lé àwọn àpò náà bí ẹni tó ṣì ń wá èèyàn lábẹ́ wọn. "Níbo ló wà?" Dákẹ́ẹ́jẹ́ sọ fún un. Olùkọ́ náà bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè ìlú náà, ó pe ọlọ́pàá lórí fóònù, bọ́ọ̀sì sì yí padà.

"Ọkọ̀ òfuurufú wa ńkọ́, mà?" Aláwàdà béèrè. Kò ṣàwàdà mọ́.

"Kó máa lọ."

Wọ́n bá ṣọ́ọ̀bù ní títì, wọ́n ti fa kọ́tìnì bo gbogbo fèrèsé rẹ̀. Wọ́n kànkùn títí, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ìyá Ó-wà bá fà sẹ́yìn dé àárín títì, ó gbé ojú sí àwọn yàrá òkè, ó gbé ohùn tó fi ń pè wọ́n lójoojúmọ́ sókè.

"Dákẹ́ẹ́jẹ́, ẹnìkejì rẹ ńkọ́?"

Ọmọ náà wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. "Mi ò mọ̀, mà," ló wí, omijé bọ́.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan gbá gíláàsì fèrèsé òkè, ohùn tín-ín-rín kan sì jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnì: "Mo wà, mà. Mo wà níbí."

Àwọn ọlọ́pàá ló já ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀dì kan àti bókẹ́ẹ̀tì ló wà ní yàrá náà, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì ní ọwọ́ nínú. Obìnrin náà ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ tòun ti pásípọ́ọ̀tù. Wọn kò rí i mú títí di òní.

Ilẹ̀ pápákọ̀ ni àwọn yòókù sùn. Olùkọ́ àti ọmọbìnrin méjèèjì dúró pẹ́ jù wọ́n lọ nítorí pásípọ́ọ̀tù tó sọnù. Ilé ẹ̀kọ́ fòpin sí irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀ tó ti ń múra sílẹ̀ kò sì lọ síbi kankan mọ́. Ẹlẹ́rìn-ín àti Dákẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n ń bínú sí.

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá Ẹlẹ́rìn-ín dá maṣíìnì rẹ̀ dúró. Ó di ọmọ rẹ̀ mú fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Dákẹ́ẹ́jẹ́.

"Ìwọ ọmọ mi, o ní ó wà. Ṣé o wo ẹ̀gbẹ́ ẹ ni?"

"Mi ò wò ó, mà."

"Ṣùgbọ́n o padà sọ ọ́." Ó fi ìrépé aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nu ojú Dákẹ́ẹ́jẹ́. "Ìyẹn ló jẹ́ kí n lè máa pè ọ́ lọ́mọ mi."

Ẹlẹ́rìn-ín ti tún ń rẹ́rìn-ín báyìí, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn bá pa dé lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rín náà á dá. Bí wọ́n bá sì pe Dákẹ́ẹ́jẹ́ ní kíláàsì, yóò kọ́kọ́ yíjú, yóò fọwọ́ kan apá aṣọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó tó dáhùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọ̀rẹ́ yín bá ní kí ẹ parọ́ bo ìrìn òun mọ́lẹ̀, ohun tó ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má wá òun nígbà tó bá sọnù. Ẹ má gbà fún un. Bí ẹ bá sì ti gbà, ẹ dìde kí ẹ sọ òtítọ́ kí bọ́ọ̀sì tó rìn jìnnà.