Ilẹ̀ Bàbá ní Kirkissoye

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Ṣàmsúdéènì, ẹrẹ̀ ló kún ọwọ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ fi bọ̀ mí lọ́wọ́. Èmi ti ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní jọ́gíráfì láti ọdún márùn-ún, máàpù àti ìwé nìkan ni mo mọ̀. Òun ti gbẹ́ kànga káàkiri ilẹ̀ Niger kí wọ́n tó ní kó wá fi bí wọ́n ṣe ń dán ilẹ̀ wò kọ́ àwọn ọmọ wa.

“Ẹ bomi sí i, kí ẹ yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́,” ló ń wí fún wọn. “Bó bá tín-ín-rín bí òwú tí kò já, amọ̀ ni.”

Inú bí mi. Àwọn tó máa ń sùn tí mo bá ń kọ́ wọn ló ń du ẹrẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀ mí pé kí n fi máàpù mi ṣàlàyé ibi tí Odò Ọya ń gbà láyé àtijọ́, ọkàn mi sì rọ̀. Láti ọjọ́ náà la ti jọ ń kọ́ wọn. Kí ọyẹ́ tó dé, ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára.

Bàbá mi, Alájì Gbàdàmọ́sí tó ń ta aṣọ ní ọjà Wadata, fẹ́ kí n fẹ́ oníṣòwò kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi ní kí Ṣàmsúdéènì wá kí òun lórí ilẹ̀ tí òun rà ní Kirkissoye, létí Odò Ọya. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló fẹ́ kọ́ síbẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò tíì fi yangàn fún.

Ṣàmsúdéènì dọ̀bálẹ̀. Bàbá bi í bóyá ilẹ̀ òun dára. Mo ń fojú bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà ní ó dára. Ta ló ń já àna ní koro lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Ó da omi àlùwàlá inú búùtà Bàbá sí erùpẹ̀, ó yí i títí ó fi gùn gbọọrọ.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Amọ̀ ni. Á wú lójò, á súnkì lẹ́ẹ̀rùn. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yín á là.”

Bàbá gbé búùtà rẹ̀. Ó wọ táksì, ó lọ. Mo sunkún, mo sọ fún Ṣàmsúdéènì pé ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ pàdánù mi. Ó ní òun fẹ́ràn mi ju bí mo ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n òun kò lè dákẹ́ kí ilé wó lé bàbá mi lórí.

Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá ránṣẹ́ pe àwa méjèèjì.

“Nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ ìyá Zaynab,” ó ní, “mo sọ fún bàbá rẹ̀ pé mo ní ṣọ́ọ̀bù méjì. Bẹ́ẹ̀, orí ni mo fi ń ru aṣọ kiri nígbà náà.”

Ìyá mi yíjú wò ó. Ó jọ pé òun náà kò gbọ́ ọ rí.

“Ṣé ìwọ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí ilẹ̀ mi lè gba ọmọ mi lọ́wọ́ rẹ?”

“Mo mọ̀, Bàbá.”

“O sì sọ ọ́. Tóò. Ní kí àwọn òbí rẹ wá. Ìrẹsì tó fẹ́ràn amọ̀ ni mo máa gbìn sórí ilẹ̀ yẹn. Òun la ó sè níbi yìgì yín.”

Oṣù mẹ́rin gbáko la fi dúró de ìrẹsì náà. N kò rí ohun tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.