Ẹni Tó Bá Nevena Kẹ́dùn

"Fọ́tò tó ti ń rẹ́rìn-ín ni kó o mú o," ni bàbá àgbà wí láti ìdí ààrò. "Ìyá rẹ kì í ṣe ẹni tí í lejú."

"Mo ti gbọ́, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ fẹ́ sọ ọ́ ni?"

"Títí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí á fi máa fetí sílẹ̀ ni!"

Nevena rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀, Iskra. Ọ̀la ni yóò pé ogójì ọjọ́. Bàbá àgbà Stamen ti ṣa àlìkámà tí wọn yóò sè láti pín lẹ́bàá ibojì, ó ti gbé wáìnì pupa sílẹ̀. Ìwé ìkéde ogójì ọjọ́ náà, tó ní fọ́tò òkú lára, tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ilé àti ibùdókọ̀ abúlé wọn, Dolna Reka, nìkan ló kù. Iṣẹ́ Nevena nìyẹn, torí òun ló mọ kọ̀ǹpútà lò nínú ilé.

Kọ̀ǹpútà náà kì í ṣe ohun èlò lásán mọ́. Inú rẹ̀ ni gbogbo fọ́tò Iskra wà, àti ohùn rẹ̀ pẹ̀lú: orin tó ń kọ lọ́jọ́ tó ń sun tàtàṣé lẹ́yìn ilé, tí Nevena gbà sílẹ̀. Lálaalẹ́ ni òun àti bàbá àgbà máa ń jókòó tì í. Iskra á kọrin, á dá orin dúró láàárín, á ní, "Bàbá, ẹ má tíì bó ìyẹn, ó ṣì gbóná!" Bàbá àgbà á rẹ́rìn-ín, á sì nu ojú.

Nevena ń wá àwòrán òdòdó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí yóò fi ṣe etí ìwé náà lọ́ṣọ̀ọ́. Ó tẹ ibì kan tí wọ́n kọ "Ọ̀fẹ́" sí. Lójijì, ojú kọ̀ǹpútà pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ariwo sì sọ. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé, "KÒKÒRÒ ÀRÙN TI WỌ KỌ̀ǸPÚTÀ RẸ! BÍ O BÁ PA KỌ̀ǸPÚTÀ NÁÀ, GBOGBO OHUN TÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀ YÓÒ PARẸ́! PE NỌ́ŃBÀ YÌÍ!"

Ọmọ náà fò dìde.

"Kí ló ń ké bí ewúrẹ́ yẹn?" ni bàbá àgbà bèèrè.

"Kòkòrò ti wọ inú rẹ̀, Bàbá!"

"Fa wáyà ẹ̀ yọ, ká ránṣẹ́ pe Tíṣà Tsonka."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n yín tí ẹ máa ń gbá lẹ́yìn!"

"Bí mo bá sì ti gbá a, ó ń ṣiṣẹ́," ni bàbá wí, ó sì jáde lọ kó igi ìdáná wọlé.

Tíṣà Tsonka ti kìlọ̀ irú èyí fún wọn ní kíláàsì. Nevena rántí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á pé bí òun bá pa kọ̀ǹpútà náà, ìyá òun á tún kú lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbé fóònù.

Ọkùnrin kan dáhùn, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. "Má fòyà, ọmọ mi. Kí ló wà nínú rẹ̀ tí o ò fẹ́ pàdánù?"

"Fọ́tò ìyá mi ni, ẹ̀gbọ́n. Àti ohùn wọn. Wọ́n ti kú."

"Kí Ọlọ́run forí jì í," ni ọkùnrin náà wí.

Ní Dolna Reka, ẹni tó bá ti wí bẹ́ẹ̀ nítorí òkú yín kì í ṣe àlejò mọ́. Ẹ ó gbé àga fún un, ẹ ó bu búrẹ́dì fún un. Ọkàn Nevena rọ̀. Gbogbo ohun tí ọkùnrin náà ní kó tẹ̀ ló tẹ̀, títí tí ọkùnrin náà fi ń darí kọ̀ǹpútà láti ibi tó wà. Ó ṣí ibi tí fọ́tò Iskra wà.

"Kòkòrò ti ń jẹ ẹ́. Má sọ fún ará ilé, wọ́n á dí wa lọ́wọ́. Mú káàdì báńkì bàbá rẹ wá, kó o ka nọ́ńbà ara rẹ̀ fún mi."

"Káàdì kẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n pe bàbá àgbà."

"Mo ní má pe ẹnikẹ́ni!" Ohùn tútù náà ti di ti ẹlòmíràn. "Aláìmoore ọmọ! Ó dáa. Wo ìyá ẹ dáadáa, ó di gbéré."

Fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Iskra nínú ọgbà lọ, Iskra pẹ̀lú Nevena lọ́mọ ọwọ́ lọ. Nevena figbe ta. Bàbá àgbà da igi sílẹ̀, ó sáré wọlé, ó fa wáyà yọ. Ó ti bọ́.

Tíṣà Tsonka wá, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà náà títí oòrùn fi wọ̀. "Ọkùnrin yẹn ti nu fọ́tò àti orin náà kúrò pátápátá. Ṣé ẹ̀dà rẹ̀ ò sí níbòmíràn?"

"Rárá, Tíṣà. Fóònù tí mo fi gbà á ti bàjẹ́."

"Kò mà sí kòkòrò kankan, Nevena. Ariwo lásán ni. Ká ní o pa kọ̀ǹpútà náà ni, ì bá tán síbẹ̀. Kí ni mo kọ́ yín?"

"Pé ìkìlọ̀ tòótọ́ kì í gbé nọ́ńbà fóònù wá." Ẹkún ò jẹ́ kó lè parí ọ̀rọ̀.

Bàbá àgbà kò bá a wí. Ó wọ yàrá, ó mú káàdì ìdánimọ̀ Iskra jáde. Fọ́tò orí rẹ̀ ni wọ́n lò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Iskra lejú lára ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀.

Lẹ́bàá ibojì, Nevena ń bu àlìkámà fún àwọn ènìyàn. Ẹni àkọ́kọ́ gbà á, ó ní, "Kí Ọlọ́run forí jì í." Ṣíbí já bọ́ lọ́wọ́ Nevena. Ohùn ọkùnrin orí fóònù yẹn ló gbọ́ nínú ọkàn rẹ̀. Àdúrà tí ì bá tù ú nínú, olè ti fọwọ́ kàn án.

Nírọ̀lẹ́, bàbá àgbà gbé orin tàtàṣé náà sókè fúnra rẹ̀. Ní àárín orin, ó gbàgbé ọ̀rọ̀. Nevena fi ohùn kékeré wí pé, "Bàbá, ẹ má tíì bó ìyẹn, ó ṣì gbóná." Àwọn méjèèjì sunkún.

Nígbà tó padà sílé ẹ̀kọ́, ó bẹ Tíṣà kí ó jẹ́ kí òun bá kíláàsì sọ̀rọ̀.

"Bí ojú kọ̀ǹpútà bá pọ́n tó ń ké, ẹ má pe nọ́ńbà kankan. Ẹ pa á, kí ẹ pe ẹni tí ẹ mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí àjèjì wọ inú rẹ̀. Ohun tí ẹ bá fẹ́ràn, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ má sọ fún ará ilé yín, ọ̀tá ni, kódà bó bá ń gbàdúrà fún òkú yín."