Jẹ́ Kó Mu Omi Yó

"Oògùn yìí ò ràn án." Dókítà tẹ ẹ̀gbẹ́ egbò iná tó wà lẹ́sẹ̀ wẹ́dà kan tó ń jó irin, ọkùnrin náà sì pa eyín pọ̀. "Egbò ti ń bàjẹ́. A máa ṣe iṣẹ́ abẹ lónìí, ká gé ibi tó ti bàjẹ́ kó tó dé egungun."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kíákíá ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí kò sí ohun tí kì í fi ìkánjú ṣe: á fọ abọ́ tán, ọṣẹ á ṣì wà lára rẹ̀. Òun ló sì ń di egbò bàbá rẹ̀ nílé.

Nọ́ọ̀sì ló ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ní ọsibítù. Ó fi bébà oògùn kan hàn án, ó fẹ́lẹ́, ó sì gan. "Ọmọ mi, inú èyí dà bí àwọ̀n, ojú wa ni ò rí i. Tó bá gbẹ, ojú àwọ̀n náà á há, oògùn inú rẹ̀ ò ní rí ọ̀nà jáde. Rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ yìí. Tó bá mu omi yó, á wú, ojú àwọ̀n á là. Gbé e lé egbò nígbà náà, oògùn á máa jáde díẹ̀díẹ̀. Má kánjú o!"

Kíákíá gbọ́. Àmọ́ nírọ̀lẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa súfèé lẹ́yìn fèrèsé: "Bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ o! Àbí o ti di nọ́ọ̀sì ni?" Á kàn ki bébà náà bọ omi, á yọ ọ́, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ egbò nígbà tí inú rẹ̀ ṣì gbẹ, á sì sáré lọ sí pápá.

Nísinsìnyí, nọ́ọ̀sì náà yíjú sí i. "Ṣé o ń jẹ́ kó wú dáadáa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Irọ́ ti jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀," bàbá rẹ̀ sọ. "Ó máa ń kánjú lóòótọ́, àmọ́ kì í parọ́. Ẹ gé e, mo gbà."

Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn gún un ju abẹ́rẹ́ lọ. Wọ́n ti ń ti bẹ́ẹ̀dì lọ. Tó bá jẹ́wọ́, ojú á tì í. Tó bá dákẹ́, wọn á gé ẹran ara bàbá rẹ̀ nítorí oògùn tí kò tíì kan egbò. Ó di bẹ́ẹ̀dì mú.

"Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́! Irọ́ ni mo pa! Gbígbẹ ni mo ń lẹ̀ ẹ́!"

Nọ́ọ̀sì mú bébà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lẹ́sẹ̀ náà, ó jù ú sínú abọ́ omi iyọ̀. Wọ́n dúró tì í. Ó wú, ó nípọn, ó rọ̀. Àwọ̀ ìyeyè oògùn náà wá ń yọ́ jáde, títí gbogbo omi fi yí àwọ̀ padà.

Dókítà mí kanlẹ̀. "Oògùn ṣì há síbẹ̀. Ẹ dá iṣẹ́ abẹ dúró. Ká lò ó bó ṣe yẹ ná, ká máa ṣọ́ ọ."

Bàbá kọjú sí ògiri.

Egbò náà jinná níkẹyìn, àmọ́ ó pẹ́, àpá rẹ̀ ò sì parẹ́. Ṣùgbọ́n kó tó jinná, nírọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n padà sílé, bàbá na ẹsẹ̀ sí Kíákíá. "Ìwọ náà lo máa di í. Àmọ́ irọ́ rẹ dùn mí ju iná lọ."

"Ẹ forí jì mí, bàbá."

Súfèé dún níta. Kíákíá kò dìde. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìkánjú ló ba egbò náà jẹ́, àmọ́ irọ́ ló kù díẹ̀ kó fa ọ̀bẹ wá. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, kó tètè jẹ́wọ́.

"Ṣé ó ti yó?" bàbá bi í.

Kíákíá fìka tẹ bébà náà nínú omi. "Kò tíì yó, bàbá. Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù."