Aránfìlà Tí A Bá ní Pẹ́náǹgì

Ọkọ mi kò dé Pẹ́náǹgì rí, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Mo fi èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ̀ pé ojú mi là kedere lọ́jọ́ náà. Àbúrò mi kan ń sọ kiri pé oòrùn ìlú òkèèrè ló pa mí lórí. Oòrùn kò pa mí lórí. Àsíátù lorúkọ mi, ọmọ Ìtòkò l'Abẹ́òkúta. Ogójì ọdún ni mo fi ta aṣọ ní Ìtòkú, n kò sì fi ojú oníbàárà kan pe òmíràn rí.

Haleemah, àkọ́bí wa, ló rán wa nírìn-àjò náà. Ó ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Síńgápọ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí bàbá rẹ̀, Alhaji Mọ́nsúrù, pé àádọ́rin ọdún, ó ní òun kò ní pe ẹnikẹ́ni jọ. Àwa méjèèjì lòun máa fi sínú ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́, ká fi ọjọ́ méje wo ayé. Ọkọ̀ náà á gbéra ní Síńgápọ̀, á yà ní Màlákà, á yà ní Pẹ́náǹgì, á dé ilẹ̀ Tàìláǹdì, á sì padà. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Òun tí èébì máa ń gbé bí a bá wọ mọ́tò láti Kútọ̀ dé Owódé, ṣé òun ni wọ́n fẹ́ gbé sórí òkun? Mo ní kó lọ di ẹrù rẹ̀.

Nígbà tí mo rí ọkọ̀ náà, mo rò pé ilé ni. Àjà mọ́kànlá ló ní. Àwọn tó ń tọ́jú yàrá máa ń ká tówẹ́lì bí ẹranko sórí ibùsùn wa, lónìí ehoro, lọ́la ọ̀bọ. Ọkọ mi á tú u ká kíá, á ní Mùsùlùmí kì í bá ère sùn. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan tí a bá yà sí, ẹni tó bá fẹ́ wo ìlú á tẹ̀lé amọ̀nà sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀, á sì padà kí ọkọ̀ tó ṣí nírọ̀lẹ́. Ní Màlákà a wo odò, a wo mọ́ṣáláṣí àtijọ́ kan, a mu omi àgbọn. Orúnkún ọkọ mi ń dùn ún, ó ń fi ọ̀pá rìn, ó sì ń kùn. Gbogbo nǹkan ṣì wà bó ṣe yẹ.

Ọjọ́ kẹta la dé Pẹ́náǹgì. Amọ̀nà wa níbẹ̀ ni Yasir, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Màlésíà kan tó mú àsíá kékeré aláwọ̀ ewé dání kí a má baà sọnù. Àwa mẹ́rìnlá la tẹ̀lé e, òyìnbó àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wa. Ó kọ́kọ́ mú wa lọ wo ilé òrìṣà ńlá kan lẹ́bàá òkè, lẹ́yìn náà ó ní ká wá rin àwọn àdúgbò àtijọ́ inú ìlú.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. Kí Yasir tó sọ pé ká yà sọ́wọ́ òsì, ọkọ mi ti yà. Mo pè é ní èèṣì. Ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà kẹta, ó ní kí n wo ẹsẹ̀ mi, pé omi ẹ̀rọ ń jò níwájú. A kò tí ì yí kọ́nà. Nígbà tí a yí i, ẹ̀rọ omi kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ń jò sórí òkúta, òkúta náà sì ń yọ̀. Ìgbà náà ni mo rí i pé kò fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ mọ́. Ó gbé e há abíyá.

Mo bi í pé ta ló sọ fún un. Ó fèsì wẹ́lẹ́, láìwò mí, pé kò sẹ́ni tó sọ fún òun, ìró ẹ̀rọ ìránṣọ lòun ń tẹ̀lé. Mo tẹ́tí. Alùpùpù ni mò ń gbọ́, àti ẹyẹ.

A rìn títí a fi dé ojú ọ̀nà tóóró kan. Ṣọ́ọ̀bù fìlà wà níbẹ̀. Àwọn fìlà dúdú tí àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ máa ń dé tò sórí pákó, òórùn aṣọ tuntun sì ń jáde láti inú ilé. Nínú, ọkùnrin kan kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú bíi tiwa. Yasir ní kò sí aránfìlà tó dà bíi rẹ̀ ní gbogbo ìlú náà. Ó ní wọn ò tí ì bí òun nígbà tó dé síbẹ̀, Áfíríkà ni wọ́n ní ó ti wá, ó sì fẹ́ ọmọ ibẹ̀. Bí èèyàn bá bi í léèrè ìlú rẹ̀, ẹ̀rín ló máa ń rín.

Ọkọ mi mú fìlà kan, ó yí inú rẹ̀ síta bí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń ṣe. Ó gbé e sún mọ́ ojú. Mo wo ibi tó ń wò. Òwú pupa ni wọ́n fi parí rírán inú fìlà náà, wọ́n sì ta á ní kókó mẹ́ta.

Ẹnìkan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ògúnjọbí ni. Abúlé kan lẹ́yìn Alábàtà ni wọ́n bí i sí, àgbẹ̀ tó ń bọ Ògún ni àwọn òbí rẹ̀. Òun àti ọkọ mi jọ kọ́ṣẹ́ fìlà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ìjẹmọ̀, wọ́n jọ ṣe fírídọ̀mù, wọ́n sì jọ lo ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìtòkú fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọ̀kan ń kírun, èkejì ń bọ Ògún, n kò gbọ́ kí wọ́n bára wọn jiyàn lórí rẹ̀ rí. Ní ọdún 1995, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá Ògúnjọbí lójú ọ̀nà Owódé. Ọkọ mi ló fi apá ara rẹ̀ gbé e wálé. Èmi ni mo gé aṣọ funfun tí wọ́n fi dì í láti inú ọjà mi. Mo rí ojú rẹ̀ kí wọ́n tó bò ó. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ín sí àgbàlá bàbá rẹ̀, mo sì bu yẹ̀pẹ̀ lé e.

Ọkùnrin náà yíjú sí wa. Irun rẹ̀ ti funfun, ó lo awò ojú, ṣùgbọ́n àpá àdá tó ti wà lókè ojú rẹ̀ láti kékeré ṣì wà níbẹ̀. Ògúnjọbí ni.

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ nípa akúdàáyà rí. Ẹni tó bá kú kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé lè lọ sí ìlú mìíràn, kó máa lo ìyókù ọjọ́ rẹ̀ níbẹ̀, kó fẹ́ ìyàwó, kó bímọ. Ìyá mi àgbà máa ń kìlọ̀ fún wa pé ẹni tó bá rí i kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Bí a bá ti pè é, ó parí. Á dìde, kò sì sẹ́ni tó máa fojú kàn án níbẹ̀ mọ́. Mo ti gbọ́ ọ láti kékeré, n kò sì kà á sí.

Bí a ṣe dúró síbẹ̀, ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ sáré jáde láti ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn, ó gbé àgbọ̀n lé èjìká ọkùnrin náà, ó sì ń sọ̀rọ̀ sí i létí bí ọmọ ṣe ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ń din nǹkan lẹ́yìn. Mo ń gbọ́ òróró tó ń ta.

Ẹnu ọkọ mi là. Mo rí orúkọ náà bó ṣe ń bọ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀ níwájú gbogbo àwọn òyìnbó yẹn, ohun tí n kò dán wò rí láti ọdún mọ́kànlélógójì tí a ti fẹ́ra.

“Bàbá Haleemah,” mo wí fún un létí, “ọmọ wà léjìká rẹ̀. Ẹ gbé e mì.”

Mo rí ọ̀fun rẹ̀ tó lọ sókè, tó sì sọ̀kalẹ̀.

Ọkùnrin náà dá ẹ̀rọ dúró. Ó sọ nǹkan kan fún ọmọ náà ní èdè wọn, ọmọ náà sì wọlé lọ. Yasir ti kó àwọn yòókù lọ sí ìsọ̀ tó kàn lọ mu nǹkan tútù. Ó wá ku àwa mẹ́ta.

“Ìyàwó wa, o ṣeun.”

Ẹ̀gbá pọ́ńbélé ló fi sọ ọ́. Irun rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbó rárá.

Mo fẹ́ sọ fún un nípa ìyá rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ní ká má sọ ohunkóhun nípa ilé fún òun, nítorí bí òun bá gbọ́ ọ, òun kò ní lè jókòó síbẹ̀ mọ́. Ó ní òun kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi níbẹ̀; iṣẹ́ lòun ń ṣe, òun ń bá wọn kírun, wọ́n sì ń fi orúkọ mìíràn pe òun. Ó wá ní kí n mú ọwọ́ mi wá.

Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ara àmù. Ó di tèmi mú díẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

“Ọwọ́ rẹ gbóná,” ó ní. “Ó dàbọ̀, ìyàwó wa.”

Ó wá gba ti ọkọ mi. Èyí pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó lójú, ẹ̀rín sì ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, irú èyí tó máa ń rín láàárọ̀ bó bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ṣáájú, tó rí ọkọ mi tó ń bọ̀ lókèèrè.

“Mọ́nsúrù,” ó ní, “káàbọ̀.”

Mo já ọwọ́ ọkọ mi gbà. Láìgbé ohùn sókè, mo sọ fún un pé àwa méjì la jọ wá, àwa méjì la jọ ń padà, aago márùn-ún sì ni ọkọ̀ wa máa ṣí. Kò bá mi jiyàn. Ó ní òun mọ̀, ká máa lọ. A kò tí ì jáde tán tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti tún ń dún.

Bí a ṣe padà sínú ọkọ̀, mo mú ọkọ mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń jókòó sunkún ohun tí kò tí ì ṣẹlẹ̀. Dókítà fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà rẹ̀, ó wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó ní àyà rẹ̀ ń lù bíi ti ọmọ ogójì ọdún. Inú mi dùn. Ọkọ mi ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé tó ń fi iyanrìn dí ẹnu odò. Ó ní kí n má bẹ̀rù. Ó ní láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ohun kan ṣoṣo tó máa ń gba oorun lójú òun ni bóyá Ògúnjọbí jẹ ìrora púpọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Òun ti rí i báyìí. Ara rẹ̀ le.

A dé Tàìláǹdì. A wọ ọkọ̀ kékeré lọ wo àwọn àpáta tó yọ gọngọ láàárín omi. Ó jẹun, ó ṣeré, kò sì béèrè ọ̀pá rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí a délé, ó lọ bá Abdulkabir, àbúrò rẹ̀ tí wọn kò tí ì bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́fà, ó sì fi ojúlé méjì tí wọ́n ń jà sí nínú ilé bàbá wọn sílẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ mìíràn, òun nìkan ló lọ sí Alábàtà, ó ní òun fẹ́ lọ ro koríko orí sàréè Ògúnjọbí. Nígbà tó dé, mo bi í pé báwo ló ṣe bá a. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ ti rì wọlé, bí ibùsùn tí ẹnìkan ti dìde kúrò lórí rẹ̀. N kò tún béèrè mọ́.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn tí a dé, ọkọ mi kú. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Ó jókòó lórí ẹní ìkírun rẹ̀, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo rò pé ó ṣì ń kà á. Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, mo mọ̀. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára. Mo rí ojú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde, Zàíd, ọmọ wa ọkùnrin, ló sì wọ inú sàréè lọ gbà á. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Haleemah wálé, ó sì gba ààwẹ̀ lọ́dọ̀ mi, mo sì sọ gbogbo ohun tí a rí ní Pẹ́náǹgì fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, a bá ohùn kan lórí fóònù mi. Yasir ló fi ránṣẹ́. Mo ti fún un ní nọ́ńbà mi kí ó lè fi fọ́tò wa ránṣẹ́. Kò mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wá. Ó fi èdè òyìnbó kí wa kú ọdún, ó wá ní ó dun òun díẹ̀. Ṣé a ti padà sí Pẹ́náǹgì tí a kò sọ fún òun? Òun rí Bàbá ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun, òun àti aránfìlà jọ dúró. Òun fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ kí ó lè yíjú, ṣùgbọ́n aránfìlà mi orí sí òun, òun sì dákẹ́. Níbo la dé sí, kí òun gbé oúnjẹ ọdún wá?

Haleemah ní bí òun bá ti padà síbi iṣẹ́, òun máa wọ bàálù lọ síbẹ̀. Láti Síńgápọ̀, kò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ. Òun kàn máa dúró lókèèrè wò ó ni, òun kò ní pè é.

“Haleemah,” mo ní, “ṣé o lè rí bàbá rẹ kí o má pè é?”

Ó bú sẹ́kún. Mo dì í mú títí ẹkún rẹ̀ fi rọlẹ̀.

Èmi ni mo fèsì fún Yasir. Mo kí i kú ọdún. Mo ní ilé ni mo wà, l'Abẹ́òkúta. Mo ní ẹni tó rí yẹn, bó bá tún rí i, kó kí i, kó fún un ní oúnjẹ ọdún, ṣùgbọ́n kó má bi í léèrè orúkọ, kó má sì fi èyí tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pè é láéláé. Ó fèsì pé ó yé òun. N kò mọ ohun tó yé e.

Haleemah ní ká tún ohùn àkọ́kọ́ yẹn gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo gbé e sí àárín etí àwa méjèèjì. Lẹ́yìn ohùn Yasir, láàárín ariwo àwọn tó ń jáde ní mọ́ṣáláṣí, ọkùnrin kan wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bi ẹnìkan ní èdè wa, wẹ́lẹ́:

“Ìyá Haleemah ò tí ì dé?”

Àwa méjèèjì kò wo ara wa. Mo jẹ́ kí ohùn náà parí. Mo wá pa á rẹ́ kúrò lórí fóònù, kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ má baà gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, kí ó sì dáhùn ìpè náà dípò mi.