Awọ Ajẹkòkòrò Ìlú Ayédùn

Ibùsùn iṣẹ́ abẹ ló ń rùn. Ẹ gbọ́ mi ná: ibùsùn tí wọ́n fọ́nnu pé kòkòrò àìsàn kankan ò lè gbé lórí rẹ̀, òun náà ló ń rùn bí ẹja tó bàjẹ́. Lórí òṣùpá lọ́hùn-ún, ní ìlú Ayédùn tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó, omi ò tó mu, áńbọ̀sì èyí tí wọn óò fi máa fọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi ṣe awọ ajẹkòkòrò, tí wọ́n pè ní ẹ̀rọ, tí wọ́n fi bo ibùsùn àti ògiri. Kòkòrò yòówù tó bá bà lé e, awọ náà ti jẹ ẹ́ tán.

Alàgbà Ládẹ̀yẹ, olórí àwọn alàgbà tó ń darí ìlú àti ìsìn rẹ̀, fi ìbínú já wọ yàrá ìwádìí. Mopélọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn fún lórí ibùsùn yẹn. Ojú ọgbẹ́ ti kẹ̀, ibà ò sì jẹ́ kó dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Bàbá bú àwọn onímọ̀ náà lólè, ó pè wọ́n ní apànìyàn, ó ní ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́, wọ́n sì fi pa mọ́ fún aráàlú.

Dókítà Abọ́sẹ̀dé, obìnrin tó ṣe awọ náà, jẹ́ kó bú u tẹ́rùn.

"Kò bàjẹ́, sà. Ó kú ni."

"Ẹ̀rọ ń kú?"

Ni obìnrin náà bá là á yé e. Awọ náà ní ẹ̀mí. Kòkòrò rere ni wọ́n fi hun ún, ojú ihò tín-tìn-tín ló sì fi ń mí. Òróró ìyàsímímọ́ tí àwọn alàgbà ń dà sórí rẹ̀ kí aláìsàn tó sùn sí i ló dí i nímú. Ó kú, ó jẹrà, àwọn kòkòrò burúkú sì rí oúnjẹ jẹ. Ta ló da ti Mopélọ́lá? Ládẹ̀yẹ fúnra rẹ̀ ni, ó sì dà á ju bó ṣe ń dà á fún ọmọ ẹlòmíì lọ.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Ẹ̀ bá ti dáná sun ún, sà. Ẹ̀ bá ní èèwọ̀ ìsìn yín ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sùn sórí ohun abẹ̀mí. La bá ní ẹ̀rọ ni."

Ládẹ̀yẹ mọ̀ pé òótọ́ ni: òun gan-an ni ì bá kọ́kọ́ ṣáná sí i. Ìyẹn tún wá bí i nínú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nọ́ọ̀sì kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó sì kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tí ò mọ ohun tó bá wá.

Bàbá náà ò sunkún. Ó yíjú sí Abọ́sẹ̀dé.

"Ẹ̀yin lẹ parọ́, èmi ni mo da òróró," ló wí. "Ọmọ mi ló kú."