Etí Ìwé Tí Olóòtú Gé Dànù

"Olóòtú, ṣé kí n gé e?"

Kíákíá ti gbé ọwọ́ lé irin ẹ̀rọ ìgéwèé tó wà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá atẹ̀wé. Ọ̀rẹ́ Olóòtú níléèwé ni, orúkọ rẹ̀ sì bá ìwà rẹ̀ mu: kó o tó pè é tán, ó ti jẹ́, ó ti dé, ó tún ti padà lọ.

Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún ni Olóòtú. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń ṣe ìwé ìròyìn fún àwọn tó fẹ́ràn géèmù. Bàbá atẹ̀wé, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ló ń bá a tẹ ogún ẹ̀dà lóṣooṣù. Ogún yẹn ló ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹni tó bá kà á a kọ ọgbọ́n tó fi ń borí géèmù sí etí ìwé, a sì fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Nígbà tí ìwé bá fi padà dé, etí rẹ̀ a ti kún dẹ́múdẹ́mú.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti dákẹ́ láti oṣù tó kọjá, kò sì gba àtúnṣe mọ́. Àfi kí wọ́n ya àwòrán ojú ìwé náà, tuntun àtàtijọ́, kí wọ́n fi kó o lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó má bàa kú.

"Wo jágajàga etí ìwé yìí," ni Kíákíá wí. "Ṣé báyìí ni ìkànnì àwọn ẹni ńlá ṣe ń rí? Wọ́n á fi wá rẹ́rìn-ín ni!"

Bàbá atẹ̀wé yọjú. "Ẹ rọra o. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Bàbá, ọjọ́ Ẹtì la fẹ́ ṣí ìkànnì náà!" ni Kíákíá ké.

Ọkàn Olóòtú ń ṣe méjì, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹlẹ́yà ló ń bà á lẹ́rù jù. "Gé e," ló wí. Ọ̀bẹ balẹ̀, gbì! Ọkọ̀ akólẹ̀ ló kó etí ìwé lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Lọ́jọ́ Ẹtì, èrò ya wọ ìkànnì. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni méjì péré ló kù.

"Ó ku ẹni méjì," ni Kíákíá wí.

"Èmi nìyẹn," ni Olóòtú dáhùn. "Ẹnì kejì ńkọ́?"

"Èmi ni."

Bí àwọn òǹkàwé kò bá padà, ìwé kú nìyẹn. Olóòtú gba ọ̀dọ̀ bàbá atúnbàtàṣe lọ, ọ̀kan nínú wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà."

"Olóòtú àgbà! Mo dé ìkànnì rẹ. Ó mọ́ bí abọ́ tẹ́nikẹ́ni ò jẹun nínú ẹ̀ rí." Bàbá kò gbójú sókè. "Nínú géèmù inú ihò yẹn, ta ló sọ fún gbogbo yín pé kẹ́ ẹ ka iná tó ń sọ dé ẹ̀ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ tó fò?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Mo pe ọmọ mi pé kó wá wo ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá rẹ̀. A wá a títí, a ò rí i."

Omi lé ròrò sójú Olóòtú. "Mo gé e dànù ni, sà. Ọwọ́ ìkọ̀wé yín ló ń tì mí lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Bàbá gbé òòlù sílẹ̀. "Bíírò dà?"

Ó tún ọgbọ́n rẹ̀ kọ sórí abala ìwé kan pẹ̀lú ọwọ́ tó dúdú fún pọ́líìṣì. "Ó yá, lọ bá nọ́ọ̀sì tóun náà máa ń kà á. Ọgbọ́n tó kọ nípa ejò olórí méjì inú géèmù yẹn ò gbọdọ̀ gbé."

Ọjọ́ mẹ́jọ ni Olóòtú fi ń lọ láti ilé dé ilé. Àwọn kan bú u, wọ́n sì bá a kọ ọ́. Àwọn mìíràn ti gbàgbé tàtijọ́, ni wọ́n bá kọ èyí tó dára jù ú lọ. Kíákíá fúnra rẹ̀ rọra, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀: ó ya àwòrán gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé tó ni wọ́n. Bàbá atúnbàtàṣe wá di aṣọ́bodè: ẹni tó bá gbé bàtà wá kò lè lọ láìwo ìkànnì. Bí òǹkàwé ṣe padà nìyẹn, tí wọ́n tún mú ẹlòmíràn dání.

Olóòtú kọ ọpẹ́ sójú ìwé àkọ́kọ́, kò sì fo ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ní ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ọmọ mi, bó o bá ń kó lọ sílé tuntun, má ṣe gbàgbé àwọn tó bá ọ kọ́ ti àtijọ́.