Hóró Mẹ́ta Nínú Ihò Kan

“Toheebat, ṣé gbogbo ẹ̀ ló máa hù?”

Màmá ló bi mí bẹ́ẹ̀. Ó jókòó ti àpò irúgbìn àgbàdo kan ṣoṣo tó wà lágbàlá wa ní Igbogila. Ó ti pé oṣù méje tí wọ́n ti bọ́dà pa. Ìrẹsì tí Màmá máa ń kó láti Ìdí-Ìrókò kò ṣeé kó mọ́. Ìyókù owó ọjà rẹ̀ ló fi ra irúgbìn náà, kó lè dáko lórí ilẹ̀ Bàbá Àgbà. Bí kò bá hù, kò sí òmíràn.

Èmi sì rèé, ọmọ sáyẹ́ǹsì! Ọ̀gbẹ́ni Nàfíù, olùkọ́ wa, ti kọ́ wa bí a ṣe ń dán irúgbìn wò. Mo ka hóró mẹ́wàá, mo wé e sínú àkísà tútù, nígbà tó sì di ọjọ́ karùn-ún, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló hù. Ṣé ẹ ò rí i pé orí mi gbọ́dọ̀ wú?

“Gbogbo ẹ̀ ni, Màmá. Sáyẹ́ǹsì ti sọ ọ́, ó parí. Ẹ fi hóró kọ̀ọ̀kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta-mẹ́ta tí Bàbá Àgbà máa ń fi sí i yẹn, ìfiṣòfò ni. Ẹ ta ìyókù.”

Bàbá Àgbà, tó ń pọ́n àdá rẹ̀ nítòsí, wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń pọ́n àdá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Màmá gbà mí gbọ́. Ó ránṣẹ́ sí Ìyá Lábísí, aládùúgbò wa, pé kó wá ra ìlàjì irúgbìn náà ní Sátidé.

Nígbà tó di ọ̀sán Jímọ̀, mo fẹ́ fọ́nnu fún Suliat, ọ̀rẹ́ mi. Mo ti wé hóró mẹ́wàá mìíràn láti ìsàlẹ̀ àpò. Mo tú àkísà náà. Mẹ́fà péré ló hù. Mẹ́rin ti jẹrà.

“Dà á fún adìyẹ,” ni Suliat wí. “Ta ló mọ̀? Àbí o fẹ́ kí wọ́n máa fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́?”

Mo dà á fún adìyẹ lóòótọ́. Ojú ń tì mí. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, mo rí Màmá tó ń pín irúgbìn sí méjì, tó ń kọrin, ọkàn mi kò sì gbà á mọ́.

“Màmá, ẹ má tà á. Mo tún un dán wò. Mẹ́fà péré ló hù nínú mẹ́wàá.”

Màmá dá orin dúró. “Gbogbo ẹ̀ lo sọ fún mi! Èwo ni ká gbà báyìí?”

“Mi ò mọ̀, mà.” Mo bú sẹ́kún.

Bàbá Àgbà gbé àdá sílẹ̀, ó kọjú sí Màmá. “Àṣíáwù, má jágbe mọ́ ọn. Ó ti mọ̀ pé òun ò mọ èyí tó máa hù. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n rí láti ìgbà tí mo ti ń roko. Kí lẹ rò pé a ṣe ń fi mẹ́ta sínú ihò? Bí ọ̀kan bá jẹrà, tí àparò hú ọ̀kan, ọ̀kan á kù fún ọmọ ènìyàn.”

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ohun tí mo pè ní ìfiṣòfò, ìmọ̀ ni. Màmá ránṣẹ́ sí Ìyá Lábísí pé òun ò tà á mọ́.

Ní Mọ́ńdè, mo ròyìn fún Ọ̀gbẹ́ni Nàfíù, kò sì fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní hóró mẹ́wàá kéré, kí n ka ọgọ́rùn-ún, láti òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ àpò. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, mọ́kànléláàádọ́rin ló hù.

“Bí o bá tún un ṣe, ó lè lé, ó lè dín,” ni ó wí. “Kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Kì í ṣe ìtìjú. Ẹni tó bá sọ ibi tí ìmọ̀ òun dé, òótọ́ ló sọ.”

Mẹ́ta-mẹ́ta ni a gbìn ín. Àwọn ihò kan ṣófo, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀. Alhamdulillah, àgbàdo yẹn ló bọ́ wa nígbà tí bọ́dà ṣì wà ní títì. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ sun ún, Màmá fún mi ní èyí tó tóbi jù. Ó ní, “O ṣeun tí o sọ ọ́. Ká ní o dákẹ́ ni, ebi ni ì bá máa pa wá.”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ká máa fi gbogbo ẹnu sọ pé ó dá wa lójú. Ká yẹ nǹkan wò, ká sọ bó ṣe dá wa lójú tó, ká má sì fi èyí tí kò bá wa lára mu pamọ́. Mo dúpẹ́ pé ilé wa ni mo ti kọ́ ọ.

Láìpẹ́ yìí, Màmá bi mí bóyá n ó yege nínú ìdánwò àṣekágbá.

“Mo ti kàwé gan-an, Màmá,” ni mo dá a lóhùn, “ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣe àdúà.”

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì tẹ́ ẹní àdúà rẹ̀.